Ọjọ́ ìbí Scott Joplin: kí Texas tún ọ̀rọ̀ ara pátákó náà kọ

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Texas kò pọ̀ rárá. Pátákó ìrántí tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà rì sí Texarkana fún Scott Joplin, àgbà àwọn tó kọ orin ragtime, irú orin dùùrù kan ní Amẹ́ríkà, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1868 ni wọ́n bí i, àti pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 5 kí wọ́n tó tẹ ìlú náà dó. Ọjọ́ yẹn kò tọ̀nà. Ti ibi tí wọ́n bí i sí, kò sí ẹni tó tíì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Láti ọdún 1994 ni ìwádìí Edward A. Berlin lórí ìgbésí ayé Joplin ti wà lórí àtẹ, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. A ti ń sọ ọ́ bọ̀ nínú abala yìí pé ohun tí ẹ̀rí bá lè gbé nìkan ni ó yẹ kí ìjọba máa fi irin kọ sí ìta gbangba. A tún ń sọ ọ́ lónìí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1870 ní òfin kan: iye ọdún tí ènìyàn jẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ oṣù tó tẹ̀ lé e ló tó dé ojúlé rẹ̀. Nínú ìwé yẹn, Scott, ọmọ Giles àti Florence Joplin, jẹ́ ọmọ ọdún 2. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1868, ọdún 1 àti oṣù 6 péré ni yóò jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá ṣí ti ọdún 1880. Òfin kan náà ni, akọ̀wé mìíràn ni, ìdílé náà sì ti kó dé Texarkana. Scott jẹ́ ọmọ ọdún 12. Tó bá jẹ́ pé òpin ọdún 1868 ni wọ́n bí i, ọdún 11 ni akọ̀wé ì bá kọ. Ìwé méjèèjì, tí ọdún 10 wà láàrin wọn, ń tọ́ka sí ibì kan náà: láàrin oṣù Kẹfà ọdún 1867 àti oṣù Kẹfà ọdún 1868. Àwọn olùwádìí ti wá sún un mọ́ra sí i, wọ́n fi í sí ìdajì kejì ọdún 1867 títí wọ oṣù Kìíní ọdún 1868. Bí a ṣe lè fi oṣù Kọkànlá ọdún 1868 sí àárín èyí, a kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí i sí gba sùúrù. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1873 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ ìlú Texarkana, níbi tí ojú irin àwọn ilé iṣẹ́ méjì ti pàdé ní ẹnu ààlà Texas àti Arkansas. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1870 bá ìdílé Joplin ní Davis County, tí wọ́n ń pè ní Cass County lónìí, ní gúúsù ibi tí Texarkana wà. Linden ni olú ìlú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pariwo pé Linden ni wọ́n bí i sí. A kò bá wọn kígbe yẹn. Ibi tí akọ̀wé ti bá ọmọ ọdún 2 kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn tó kúrò lóko ẹrú ń ṣí láti oko kan dé òmíràn nítorí iṣẹ́ àti nítorí àwọn ẹbí tí wọ́n ti tà lọ. Ohun tí ẹ̀rí lè gbé ni pé ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Texas ni. Kí pátákó dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbí rẹ̀ kúrò ní Texarkana lọ rì í mọ́ Linden fẹ́ ṣe àṣìṣe kan náà ní ojú ibòmíràn ni.

A mọ èsì tó máa ń tẹ̀ lé e: pé akọ̀wé ìkànìyàn náà máa ń ṣì. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì ti lo àwọn ìwé yẹn rí mọ bó ṣe máa ń ṣì. Àwọn àgbàlagbà ni ọdún wọn máa ń dúró sórí 30, 40 àti 50 ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ a fojú bù ú. Nígbà mìíràn aládùúgbò ló máa ń dáhùn fún ará ilé tí kò sí nílé. Orúkọ máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ kò rí bí ti bàbá àgbà. Ẹni tó bá ń dáhùn fún ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ ọdún tó lè ṣì. Bí a bá tiẹ̀ gbà pé ìwé kan ṣì, kí ni yóò mú kí èkejì, lẹ́yìn ọdún 10 àti ní ìlú mìíràn, ṣì lọ sí apá kan náà ní iye kan náà?

Ìbéèrè tó yẹ kí a kọjú rẹ̀ sí òdìkejì nìyí: ìwé wo ló gbe ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1868 lẹ́sẹ̀? Kò sí ìwé ìbí. Ìpínlẹ̀ Texas kò tíì máa forúkọ ìbí sílẹ̀ káàkiri nígbà náà, ọdún 1903 ni ètò yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ènìyàn ni, tí ìwé kan gbé, tí ìwé mìíràn dà kọ, tí pátákó sì wá fi òǹtẹ̀ ìjọba lù.

Kí ló wá ń dá wọn dúró? Kò sí agbẹjọ́rò tó fẹ́ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ ìbí yìí. Kò sí ẹbí tí àtúnṣe rẹ̀ yóò pa lára. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń du ọdún 1868. Ìwé tó ta ko pátákó náà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, òun ló tọ́jú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì ti wà níbi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti lè rí i lórí kọ̀ǹpútà láìsan owó ọkọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìwádìí náà jáde ti lè ní ọmọ tirẹ̀, tí òun náà yóò mú lọ dúró níwájú pátákó yìí, tí wọn yóò jọ ka irọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa, a kò sì ní fi bò mọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ pátákó mọ̀ pé àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀dà ṣe. Alumíníọ̀mù ni Texas fi ń ṣe pátákó ìtàn rẹ̀: wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á, gbogbo lẹ́tà á sì yọ sókè lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa nọ́ńbà kan rẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn, ojú ibẹ̀ á sì jin wọnú. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ọn, oòrùn ọ̀sán Texas á mú irin náà fẹ̀, òtútù òru á fún un padà, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣí. Bí wọ́n bá fi ìdè irin lásán dè é, òjò tó bá ń wọ àárín irin àti alumíníọ̀mù á jẹ alumíníọ̀mù yẹn yíká ìdè náà, ìyẹ̀fun funfun á máa jáde, ihò ìdè á máa fẹ̀ títí lẹ́tà yóò fi bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà méjì péré ló wà. Èkíní ni kí wọ́n ṣe pákó kékeré kan tí yóò dúró lábẹ́ pátákó àtijọ́, kí ó ṣe àlàyé àṣìṣe náà. Èkejì ni kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dà.

Èkejì ni a fọwọ́ sí. Pákó kékeré dára níbi tí ohun tí àtijọ́ sọ kò bá pé, tí a kàn fẹ́ fi kún un. Ibi tí ó bá ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, ọjọ́ méjì ni yóò wà lójú kan náà. Èyí tó tóbi, tó wà lókè, ni arìnrìn-àjò yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Àtúnṣe tó wà lẹ́bàá koríko kò ní sí nínú fọ́tò náà. A ti rí i níbi púpọ̀ pé ẹ̀rọ ìgékoríko ló máa ń kọ́kọ́ ba irú pákó ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀nà láti béèrè rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Texas Historical Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn pátákó yìí, ní ìlànà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ara pátákó wò: bí orúkọ bá ṣì, bí ọjọ́ bá ṣì, bí gbólóhùn kan kò bá bá ìtàn mu, tàbí bí wọ́n bá rì í sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀. Méjì nínú mẹ́rin wọ̀nyí ló kan pátákó Joplin. Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe ti olórin, iṣẹ́ akọ̀wé ni: kí wọ́n tọ́ka sí gbólóhùn tó ṣì, kí wọ́n so ẹ̀dà ojú ìwé ìkànìyàn méjèèjì mọ́ ọn, kí wọ́n sì kọ ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó máa ń kọ irú ìwé báyìí, ohun tó máa ń dá wọn padà ni pé wọ́n á kọ ìbínú ojú ìwé mẹ́ta láìfi ẹ̀rí kankan kún un. Ẹ̀rí ni kó ṣáájú.

Ohun tí a dábàá kí wọ́n kọ nìyí, kò sì gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: pé ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Texas ni wọ́n bí Scott Joplin sí, láàrin ìdajì kejì ọdún 1867 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1868, pé Giles, bàbá rẹ̀, ti ṣe ẹrú rí, pé Florence, ìyá rẹ̀, ọmọ Kentucky tí wọ́n bí ní òmìnira ni, pé Texarkana ló ti dàgbà. A fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1865 ni wọ́n ka ìkéde òmìnira ní Galveston fún àwọn ẹrú Texas. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ìbí tó tọ́ síbẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ju nǹkan bí ọdún méjì sí méjì ààbọ̀ lọ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n bí ọmọ yìí sí ìpínlẹ̀ kan náà. Àṣìṣe ọdún kan lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ọmọ náà jìnnà sí ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ fún àwọn ènìyàn dúdú Texas.

Texarkana kò ní pàdánù nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́ pọ̀ tó láti fi yangàn. Ibẹ̀ ni Florence ti ń bá àwọn aláwọ̀ funfun tọ́jú ilé, tí ọmọ rẹ̀ sì ń rí dùùrù tẹ̀ nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Julius Weiss, olùkọ́ orin tó wá láti Jámánì, ti gbọ́ ọmọ náà, tó sì kọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ náà kò gbàgbé rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ìlú tó ní irú ìtàn báyìí kò ní ìdí láti máa fi ọjọ́ ìbí tí kò ní ẹsẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìpéye fi kan Joplin ju ọ̀pọ̀ olórin lọ. Nínú ragtime, ọwọ́ òsì ń lu ìlù rẹ̀ ní déédéé, kò yára, kò falẹ̀; ọwọ́ ọ̀tún ló ń bọ́ síwájú ìlù, tó tún ń fà sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá sáré, àlàfo tó wà láàrin ọwọ́ méjèèjì á dì, adùn orin náà á sì lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré nígbà náà, tí wọ́n ń fi í díje nílé ọtí. Joplin kọ̀ ọ́. Ó ń kọ ọ́ sókè ìwé orin rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe yára tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1908 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, iṣẹ́ àṣe 6 fún ẹni tó ń kọ́ ragtime, ó sì tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ nóòtì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó bínú nítorí nóòtì tí wọ́n fò, pátákó tí ọdún rẹ̀ ṣì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù nípa rẹ̀ nínú ìwé kò tiẹ̀ pọ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ èyí tó wà. Ọpẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, A Guest of Honor ti ọdún 1903, ti sọnù pátápátá; ó béèrè ẹ̀tọ́ àṣẹ-lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀dà orin náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Treemonisha, ọpẹ́rà kejì, owó ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ ní 1911, kò sì rí i kí wọ́n ṣe é tán pátá lórí ìtàgé kó tó kú. Ìwé tí ẹgbẹ́ olóhun èlò ì bá lò ti sọnù, àwọn ẹlòmíràn ló tún un kọ kí wọ́n tó lè ṣe é ní Atlanta ní 1972. Ilé iṣẹ́ ọpẹ́rà Houston gbé e jáde ní 1975, ní Texas kan náà tí a ń bá wí yìí. Ìpínlẹ̀ tó ní agbára láti gbé odidi ọpẹ́rà dìde kò lè sọ pé nọ́ńbà mẹ́rin wúwo jù fún òun.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1917 ni Joplin kú ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ward's Island, New York. Wọ́n sin ín sí St. Michael's Cemetery ní Queens, nínú ibojì tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ pín, láìsí àmì kankan. Ọdún 57 ló fi wà bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn olórin, ASCAP, tó fi pákó idẹ síbẹ̀ ní 1974. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń kánjú, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni wọ́n sì ń gbà. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ohun tí wọ́n kọ nígbà náà. Láti 1994 ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀.

A rí i pé wọ́n lè ṣe é dáadáa níbòmíràn. Ní St. Louis, ilé tó wà ní 2658 Delmar Boulevard, tí wọ́n ń pè ní Morgan Street nígbà náà, di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1976, ìjọba Missouri sì sọ ọ́ di ibi tí aráàlú ń wọ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan sọ pé bàbá òun sọ pé Joplin gbé ibẹ̀ rí. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olùgbé ìlú náà ló fi orúkọ rẹ̀ sí àdírẹ́sì yẹn. Ní Sedalia, ìlú mìíràn ní Missouri, àdéhùn orin rẹ̀, Maple Leaf Rag, pẹ̀lú John Stark tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́: ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1899. Ó ní iye: sẹ́ǹtì 1 fún Joplin lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Irú ohun tí pátákó ń jẹ́ kí a mọ̀ nìyẹn, tí ẹnu kò sì lè yí padà.

Àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Houston àti Dallas pọ̀, ọ̀nà I-30 tí wọ́n sì ń gbà láti Dallas lọ sí Arkansas gba Texarkana kọjá. A rọ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà. Ẹ má kọ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ dárúkọ pátákó náà àti ìlú tó wà, ẹ da gbólóhùn tó ṣì kọ bó ṣe wà lára rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ so ẹ̀dà ìkànìyàn 1870 àti 1880 mọ́ ọn, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ìlà tí orúkọ Scott wà, nítorí pé ẹni tó máa kà á kò ní wá a. Ẹ ní kí wọ́n tún gbogbo pátákó náà dà, ẹ má gba pákó kékeré. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò jókòó lé e lórí. Bí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ ní kí wọ́n sọ iye tó jẹ́ fún gbogbo ayé, kí àwọn tó nífẹ̀ẹ́ orin yìí lè mọ ohun tí wọn yóò dá.